Ẹyẹ Ọsibítù Abẹ́ Òkè

Ibùsùn náà gbóná. Ohun tó kọ́kọ́ ya Ìyá Aránṣọ lẹ́nu nìyẹn, kí ohunkóhun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Eékún ló ń ro ó, ló bá rọra fi ìdí lé etí ibùsùn kan nínú ihò tí àwọn ọmọ ogun gbẹ́ sábẹ́ òkè láyé ogun, tí wọ́n sì sọ di ọsibítù. Ibùsùn onírin ni, tẹ́ẹ́rẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú sì wà lórí rẹ̀. Inú ihò náà tutù débi pé èémí ń jáde lẹ́nu àwọn èrò bí èéfín. Síbẹ̀, nígbà tó gbé ọwọ́ lé bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò.

"Màmá, ẹ dìde o. Wọn ò gbà kí èèyàn jókòó síbẹ̀." Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọmọ yìí ni gbogbo ẹbí ń pè ní Dókítà. Kì í ṣe dókítà o. Bàtà ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan nílùú òkèèrè tí ihò náà wà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti wá kí i, tí ọmọ náà fòfin de iyọ̀, tó fòfin de ṣúgà, tó tún fòfin de jíjókòó lójú afẹ́fẹ́, ni ìyá náà ti fi í joyè.

"Dókítà, bí wọn ò bá fẹ́ kí n jókòó, kí wọ́n wá bá mi gbé eékún mi dání."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ná."

"Ta ló sùn síbí?"

"Ta ni yóò sùn síbẹ̀? Láti ayé ogun! Wọ́n kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ń wòran ni."

Ìyá Aránṣọ dìde. Ó bojú wẹ̀yìn. Ìrọ̀rí ibùsùn náà jìn láàárín, bí ẹni pé orí kan ṣì wà lórí rẹ̀.

Ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan ni wọ́n bá lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ àti àwọn àlejò mìíràn nínú bọ́ọ̀sì kan. Ní àárọ̀, amọ̀nà yóò mú wọn rìn ká ibi tí wọ́n ti jagun. Ní ọ̀sán, yóò kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko. Nítorí erin àti àgùnfọn ni Dókítà ṣe san owó. Nítorí ihò abẹ́ òkè ni ìyá rẹ̀ ṣe wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Aránṣọ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Gíga, ni wọ́n mú lọ sójú ogun náà. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ wọ yàrá, àfi kó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Aránṣọ kò tíì ju ọmọ tí wọ́n ń gbé sọ́rùn lọ nígbà náà, èjìká nìkan ló sì rántí nípa rẹ̀: èjìká líle kan, òun lókè, ilẹ̀ jìnnà réré nísàlẹ̀. Kò rántí ojú rẹ̀. Kò rántí ohùn rẹ̀. Ẹnìkan tí wọ́n jọ lọ ló padà wá sọ pé ìgbà tí òun rí i kẹ́yìn, wọ́n ń gbé e wọ ọsibítù kan lábẹ́ òkè. Bó ṣe kú ni o, bó ṣe yè ni o, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó sọnù lọ. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ta ló tó sọ ọ́ sétí ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù? Ìyá wọn kò jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi pé. Nígbà tí ikú dé, ọrùn ọwọ́ Ìyá Aránṣọ ló dì mú. "Bó bá dé tí mi ò sí nílé," ó wí, "má jẹ́ kó wọ ilé tí kò sẹ́ni tó kí i. Ìwọ ni kí o bá mi kí i káàbọ̀."

Ìyá Aránṣọ ní òun gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ, àmọ́ ẹrù ni lọ́rùn ẹni tó gbé e. Òun náà ti wá di arúgbó. Kò fẹ́ gbé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun wọ ilẹ̀ láìjẹ́ ẹ. Bó bá lè rí ibi tí wọ́n sin ín sí, yóò dúró tì í, yóò kí i, yóò sì máa lọ.

"Bi amọ̀nà yìí fún mi," ó wí fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde síta. "Níbo ni wọ́n sin àwọn tó kú sínú ihò yìí sí?"

Amọ̀nà náà jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó má pa àwọn èrò lẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ọ̀nà ọlọ́dà tó gba ẹsẹ̀ òkè kọjá.

Dókítà gbọ́ ohun tó sọ ní èdè ìlú náà, ó sì yíjú sí ọ̀nà náà.

"Kí ló wí?"

"Ó ní... ó ní ibẹ̀ ni."

"Ibẹ̀ wo? Ọ̀nà mọ́tò ni mò ń wò."

"Abẹ́ ọ̀nà náà ni, Màmá. Ó ní nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà, kò sí àmì kankan níbẹ̀ mọ́."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ìyá Aránṣọ dúró létí títì, ó ń wá ibi tí yóò kọjú sí. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún ọ̀dà? Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ gbá a lápá mú, ó sì mú un padà sínú bọ́ọ̀sì.

Ní ọgbà ẹranko, Dókítà sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ara ìyá rẹ̀ lè yá. Ó fi erin hàn án. Ó fi ọ̀bọ hàn án. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àgùnfọn, ìyá náà gbójú sókè díẹ̀.

"Ẹni tó bá máa rán kọ́là fún èyí," ó wí, "igàn aṣọ kan ni yóò tán sí i lọ́rùn."

Dókítà rẹ́rìn-ín ju bó ti yẹ lọ. Ìyá rẹ̀ kò bá a rín in.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ilé àwọn ẹyẹ. Ayékòótọ́ kan dá wà nínú àgò ní ìkángun. Ìyẹ́ ti tán láyà rẹ̀, ìrù rẹ̀ pupa kò kù ju ẹyọ kan lọ. Amọ̀nà ní òun ló fi ẹyẹ yìí pamọ́ sí ìgbẹ̀yìn. Ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà lọ. Inú ọsibítù abẹ́ òkè ni wọ́n ti bá a nígbà tí ogun parí. Nọ́ọ̀sì kan ló gbé e lọ sílé, àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì ló sì wá fi ta ọgbà lọ́rẹ. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, á sọ̀rọ̀ kan tí kò yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Gbogbo wọn sún mọ́ àgò náà. Ẹyẹ náà ta pọ́ún lórí igi tó dúró lé. Ó yí orí.

"Mo dé o."

Ohùn ọkùnrin ni. Kì í ṣe bí ẹyẹ tí ń sín ènìyàn jẹ. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tó rìn jìnnà ni, tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó sì ń retí kí wọ́n bu omi fún òun.

"Káàbọ̀!" ni Ìyá Aránṣọ wí.

Kò rò ó kó tó sọ ọ́. Ta ló ń rò ó? Bí ẹnìkan bá ké láti ìta pé òun dé, ẹnu kì í dúró de ojú.

Ẹyẹ náà dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì tẹ́lẹ̀ là gedegbe sára ìyá náà. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn jáde lẹ́nu rẹ̀, èyí tó nípọn: "Mo dé o." Òmíràn, tí ikọ́ já láàárín. Òmíràn tín-ínrín bíi ti ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù: "Màámi, mo dé o." Wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n ń ti ara wọn, bí èrò tó rí i pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Lójijì, ó pa rọ́rọ́. Ẹyẹ náà ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́, kò sì sọ nǹkan kan mọ́.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Amọ̀nà nìkan ni kò pa tirẹ̀. Ó rọra bá Dókítà sọ̀rọ̀, Dókítà sì ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ní ẹyẹ náà kì í dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá. Ó ní nọ́ọ̀sì yẹn sọ pé apá kan wà nínú ihò tí wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tó ti òkèèrè wá sí. Tí ibà bá ti gùn wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kọjú sí ẹnu ihò, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé àdúrà ni."

"Àdúrà kọ́," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Wọ́n rò pé àwọn ti délé ni."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò nù ún.

"Ṣùgbọ́n Màmá, kí lẹ dá a lóhùn sí? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í jẹ́ ìpè tí a ò rí ẹni tó ń pè."

"Kò pè mí. Ó ní òun dé ni. Kí ni kí n sọ?"

Nígbà tí wọ́n ń padà, awakọ̀ ń ráhùn ṣáá. Àga pọ̀ lófìfo nínú bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ó ń rá pálá gun òkè bí ọkọ̀ tó ru sìmẹ́ńtì. Ìrì èémí bo gíláàsì àwọn fèrèsé ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Òórùn bàtà tútù àti oògùn egbò ń ti ẹ̀yìn rọra bọ̀ wá síwájú. Dókítà fa kóòtù rẹ̀ mọ́ra. Ìyá rẹ̀ kò wẹ̀yìn rárá.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Dókítà ń gbé. Iná àtẹ̀gùn ti kú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ó sì ti ìyá rẹ̀ wọlé síwájú. Bó ti fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé ni ẹsẹ̀ kan dún lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ oníbàtà líle, wúwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Mo dé o."

Dókítà di ìyá rẹ̀ mú. "Màmá, ta nìyẹn?"

Ìyá Aránṣọ gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Káàbọ̀, Bọ̀dá Gíga," ó wí. "Ìyá wa ní kí n kí ọ. Ó dúró dè ọ́ títí."

Òtútù kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ inú yàrá. Kò dúró. Kò jẹ́ orúkọ náà.

"Mo dé o." Èyí ní ikọ́.

"Káàbọ̀, Bọ̀dá Gíga."

Òun náà kọjá.

"Ṣé òun nìyẹn?" Dókítà ti fẹ̀yìn ti ògiri.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Ọrùn rẹ̀ ni mo wà, ọmọ mi. Ọmọdé ni mí. Mi ò mọ ohùn rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀kùn. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn yìí!"

Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú àánú, bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tíì pàdánù ẹnikẹ́ni rí.

"Tó bá jẹ́ pé òun ló kàn ńkọ́?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Nísàlẹ̀, láti orí àtẹ̀gùn títí dé òpópónà, bàtà ń dún lẹ́yìn bàtà, jẹ́ẹ́, wọ́n ń fi sùúrù dúró de àyè tiwọn.

"Káàbọ̀," ni Ìyá Aránṣọ ń wí. "Káàbọ̀. Káàbọ̀ o."