Irun Tó Hù Níbi Bàbá Kérésì

Irun ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ti ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Àǹtí Ethel, tó ń dirun ládùúgbò wa ní Sábó, di ṣùkú ọdún fún Ayọ̀miídé. Ó le débi pé iwájú orí ọmọ ń dán. Nígbà tó fi máa jáde láti ibi Bàbá Kérésì, ṣùkú náà ti tú, irun tuntun ti hù nídìí rẹ̀, ó ti dì pọ̀, iná orí sì ń rìn nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Iwájú sọ́ọ̀bù kan la wà. Wọ́n fi tapólì búlúù pàgọ́ fún Bàbá Kérésì, wọ́n da fóòmù funfun sílẹ̀ bíi yìnyín. Ọmọ tèmi ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan rọra pè é láti inú: "Ayọ̀miídé, wọlé." Mo rò pé Mùktárù tó ń ya fótò ló sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Mi ò tíì mu píọ̀ wọ́tà ọwọ́ mi tán tó fi jáde.

Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí omi pànlá tó ti kan. Èékánná rẹ̀ ti gùn, ìdọ̀tí dúdú wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ìró lẹ̀ mọ́ ọn, ojú náà ń yọ̀ bí ilá. Mo gbé kọ́tìnì àgọ́ sókè láti bá bàbá náà jà. Àga òfìfo ni mo rí. Mùktárù ní kí n má bínú, Bàbá Kérésì wọn ṣì wà ní Costain, ó ń bọ̀.

Mo mú ọmọ lọ bá Àǹtí Ethel. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá ajílẹ̀ ni mo fi fọ irun. Nígbà tó fọwọ́ kàn án, ó yára nu ọwọ́ sára aṣọ.

"Ìyá Ayọ̀, irun oṣù méjì lèyí," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Jọ̀ọ́, gbé e kúrò lórí àga mi."

Nílé, mo wẹ̀ ẹ́, omi náà dúdú. Mo bi í pé ibo ló lọ. Ó ní ọkọ̀ tí kò ní táyà gbé òun àti Bàbá Kérésì fò kọjá lórí ọ̀sà, lọ síbi tí gbogbo ilẹ̀ ti funfun. Ó ní àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń di ẹ̀bùn, Bàbá sì máa ń fi ahọ́n lá ojú wọn kí òtútù má baà pa wọ́n. Mo bì sínú báfù. Ọmọ tí mo bí, mo fẹ́ gbé e mọ́ra, ara mi kọ̀ ọ́.

Mo wá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Mo rò pé súìtì ni. Mo ní kó tu ú, kò tu ú, ni mo bá kiwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Irun funfun ló lọ́ mọ́ mi níka, ó gùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fà á, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun. Mo tún fà á. Ọmọ ò wúkọ́. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, bí ẹni tó ń ṣàánú.

"Mọ́mì, ẹ rọra. Irùngbọ̀n Bàbá lẹ ń fà yẹn."

Mo bi í pé níbo ni Bàbá wà.

"Ó ní ibẹ̀ tutù jù fún òun."

Ó gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀. Nǹkan kan yí ẹ̀gbẹ́ padà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, bí ẹni tó ń wá ibi tó rọ̀ láti sùn sí.