Wíwú Àyà Ẹ̀taòkò

Ọkàn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n méjì ni Étienne kà lára Ẹ̀taòkò. Ó gbé ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà: ó lù nígbà méjìléláàádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ó gbé e lé wíwú tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun àyà rẹ̀: mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Ó tún un kà, kò yí padà. Inú bí i, nítorí pé ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tó ti kà.

Étienne ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Atakpamé, lọ́dún 1931. Àgbẹ̀ ará Datcha ni Ẹ̀taòkò. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ àfipáṣe ìjọba gbé e dé Kamina láti hú irin nínú àwókù ilé àwọn Jámánì, ọ̀pá kan sì gún un láyà. Egbò náà jinná. Wíwú yìí ló rọ́pò rẹ̀.

Étienne tọ Dókítà Gérard, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, lọ. “Kì í ṣe eéwo, ọ̀gá. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ló ya, awọ fẹ́lẹ́ ló sì ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Mo rí irú rẹ̀ ní Lomé. Wọ́n là á bí eéwo, ẹ̀jẹ̀ ta kan àjà. Ẹ fọwọ́ sí ìwé, kí ọkọ̀ ojú irin ọ̀la gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ tó ń fi inú ara hàn wà.”

Gérard gbé ọwọ́ lé wíwú náà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Òkúta kò dákẹ́ tó báyìí,” ló wí. “Ìka tìrẹ ló ń lù tí o ń kà. A ó là á lọ́sàn-án yìí.”

Étienne fọwọ́ kàn án fúnra rẹ̀. Wíwú náà dúró jẹ́ẹ́, kò lù mọ́. Òórùn epo pupa sì ń ti ara rẹ̀ jáde.

Nígbà tí dókítà jáde, Étienne yíjú sí Málọmọ́, ìyàwó aláìsàn. “Kí lẹ fi pa á láyà?”

“Ẹ̀wà elépo ni, dókítà kékeré. Mo fi bọ́ wọn.”

“Àwọn wo?”

“Ẹ ò mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹ̀taòkò? Mẹ́ta ni wọ́n bí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkókó làwọn méjì ìṣáájú wà tí wọ́n fi lọ. Ère wọn la ń bọ́ nílé. Ìgbà tí wọ́n wá ń kan ìlẹ̀kùn láyà ọkọ mi, mo bọ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n yó, wọ́n sùn.”

“Òní lẹ rí bọ́ wọn? Lílù yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní.”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kó sinmi.”

Ẹ̀taòkò rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́. “Ẹ má bá a jà. Ó ti ń bọ́ èmi náà láti ọdún mẹ́wàá, mi ò sì tíì kú.”

Étienne padà bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ wò ó. Gérard gbà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ dúdú méjì péré ni abẹ́rẹ́ náà fà jáde.

“Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ tó ń di ọyún,” ni Gérard wí.

“Ọ̀gá, ẹ dákun, ìwé yẹn.”

“Ta ni dókítà níbí?”

Láìsí ìwé, kò sẹ́ni tó máa gba aláìsàn sínú ọkọ̀. Láti àárọ̀ ni Étienne ti ń fi agbọ̀n pọn omi.

Lọ́sàn-án, nígbà tí abẹ Gérard wọlé, kò sóhun tó jáde fún ìwọ̀n èémí kan. Lẹ́yìn náà, wíwú náà jí. Ẹ̀jẹ̀ ta sókè. Étienne ju àwo tó gbé dání nù, ó ti ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ bọ ojú ihò náà, ẹ̀jẹ̀ sì dá.

“Dì í mú bẹ́ẹ̀,” ni Gérard sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ojú rẹ̀ wá funfun bí ẹfun. Ó ń wá òwú.

Étienne dì í mú. Ó ń mọ̀ ọ́n lára bí etí ibi tó ya náà ṣe yí ìka rẹ̀ ká. Nígbà náà ni nǹkan kan di ìka náà mú láti inú.

Ó kéré, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìkókó tí ń di ìka ìyá rẹ̀ mú. Òmíràn tún dì í mú lókè rẹ̀. Étienne mọ̀ pé òpó ẹ̀jẹ̀ kì í di nǹkan mú. Síbẹ̀ ó kà wọ́n: ìka márùn-ún, àti márùn-ún mìíràn.

“Étienne,” ni Gérard wí nígbẹ̀yìn, “ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti dákẹ́. Ó ti kú. Yọ ìka rẹ.”

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, Málọmọ́ ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Étienne fa ìka náà. Ó tún fà á.

“Mo ń yọ ọ́, ọ̀gá,” ló wí. “Wọn ò tíì jù mí sílẹ̀.”