Bàtà Dúdú Lábẹ́ Sùtánà

Ní Ọ̀tà, kí ilé ìjọsìn àti yunifásítì tó kún ojú ọ̀nà Ìdíròkò, gbájúẹ̀ làwọn èèyàn ń pe ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ adójútòfò. Nínú yàrá kan ṣoṣo ni Alàgbà Ọláoyè àti ìyàwó rẹ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò tiwọn sílẹ̀. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni, bàbá náà a dúró lórí eérú, a ní, "A ó san án," wọn a sì san án. Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ló sọ wọ́n di ńlá. Ẹfúnkẹ́, ọmọ rẹ̀ tó wá di ọ̀gá àgbà, kò yí i padà rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, nínú ilé-iṣẹ́ oníke tó jóná ní Sángò, wọ́n bá òkú bàbá náà nílẹ̀. Irin òrùlé ti fọ́ agbárí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rin sùtánà funfun rẹ̀ dé orúnkún. Inspẹ́kítọ̀ Adéjọkẹ́ kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà dúdú ẹsẹ̀ òkú. Iyẹ̀pẹ̀ pupa tútù kún àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí eérú kankan níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì sì ni ilẹ̀ ibẹ̀.

"Ọ̀gá Johnson, ẹ̀yin lẹ ni ilé-iṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ rí i nígbà tó wọlé?"

"Mo rí i, màdáámù. Tààrà láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá. Ó ní, 'A ó san án,' ni irin bá já lù ú." Johnson mi orí. "A rí t'àìsàn wò, a ò rí t'ọlọ́jọ́ ṣe."

Ẹfúnkẹ́ ń sunkún. "Tí bàbá mi bá ti sọ bẹ́ẹ̀, dandan ni ká san án."

"Ó wọ bàtà wọlé?" ni Adéjọkẹ́ bi Johnson.

"Níbi tí ìṣó kún yìí? Àbí kó rìn lẹ́sẹ̀ lásán bíi wèrè?"

Ẹkún Ẹfúnkẹ́ dá. "Johnson, ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Bàbá mi kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ṣọ́ọ̀ṣì oníbàtà dídán tiyín ò kọ́ yín nìyẹn!"

"Iyẹ̀pẹ̀ pupa àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe eérú ibí," ni Adéjọkẹ́ wí fún Johnson. "Ibẹ̀ lẹ ti pa á. Ẹ mú bàtà tó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ fún òkú, kó lè jọ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e wá. Ẹ fẹ́ fi ìlérí sí òkú lẹ́nu, kí ọmọ rẹ̀ lè mú un ṣẹ."

Johnson fa ọ̀pá irin kan yọ nínú eérú, ó fi tẹ Ẹfúnkẹ́ lọ́rùn mọ́ ògiri. Adéjọkẹ́ fi ìdí ìbọn gbá a lọ́wọ́; egungun fọ́ pàrà. Ó tún gbá a lẹ́nu. Johnson ṣubú, ó ń tu eyín àti ẹ̀jẹ̀.

"Bàbá yẹn ló ní èmi ni mo dáná sun ilé-iṣẹ́ ara mi! Ó ní mo ti Waliyullah, ọlọ́dẹ mi, mọ́nú iná!"

"Ṣé ẹ tì í mọ́ ọn?"

Johnson dojú bolẹ̀ sínú eérú.

Ẹfúnkẹ́ fọwọ́ di ọrùn rẹ̀ tó ti wú. "Ọkùnrin yìí ló lọ sọ fún Àdìzát, ìyàwó ọlọ́dẹ náà, ní Àtàn, pé sìgá ọkọ rẹ̀ ló dá iná sílẹ̀. Láti ìgbà náà, obìnrin náà kò lè gbójú sókè láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá Àdìzát," ni Adéjọkẹ́ wí. "A jẹ ẹ́ ní gbèsè òtítọ́."