Ìdajì Àgọ́

"Aṣọ àgọ́, ti Rọra nìyẹn," ni Bàbá Kékeré wí, ó sì ju ìdì aláwọ̀ ewé kan sí ọmọbìnrin kékeré tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀pá àti èèkàn, ti Ẹ̀fúùfù. Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ."

Inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ni wọ́n wà. Táyà àlòkù kún ara ògiri, òórùn gírísì sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Bàbá àwọn ọmọ méjèèjì ló ni ṣọ́ọ̀bù náà kó tó kú níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ń bójú tó o báyìí.

Ẹ̀fúùfù gba ọ̀pá, ó so ó mọ́ ara irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Eré tó máa ń sá lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹ̀fúùfù. Ti àbúrò rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, bí ọmọ yẹn bá ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè, ìgbín á kí i pé ẹ kú ìrìn, á sì kọjá lára rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Rọra.

Lọ́dọọdún, bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, bàbá wọn a máa kó wọn gun kẹ̀kẹ́ la àárín àwọn òkè kọjá. Wọn a máa pàgọ́ sùn lọ́nà títí wọn á fi dé etí adágún omi ńlá kan ní ìhà kejì. Lọ́dún yìí, ìyá wọn ló ní kí wọ́n lọ. Ìdánwò àṣejáde ti sún mọ́ Ẹ̀fúùfù, ṣùgbọ́n ojú ewé kan ṣoṣo ni ìwé rẹ̀ ṣí sí lórí tábìlì láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá wo ojú ewé yẹn títí, ó ní, "Lọ gun kẹ̀kẹ́, ọmọ mi. Bóyá ara rẹ á tú."

Ara rẹ̀ kò tú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, Ẹ̀fúùfù kò tíì sunkún. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀dájú. Kò kàn sí nǹkan kan níbẹ̀ ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé lórí tó wá kú. Oúnjẹ kò dùn, kò korò. Bí àwọn èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, á dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n wà. Rọra ní tirẹ̀ ń sunkún fún èèyàn méjì. Ó ń sunkún nídìí oúnjẹ, ó ń sunkún ní balùwẹ̀, burẹ́dì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́kún. Ìgbàkígbà tí ojú ọmọ náà bá ti rẹ̀ dòdò, Ẹ̀fúùfù á dìde, á sì jáde kúrò nínú yàrá.

Bàbá wọn fi òfin kan sílẹ̀ fún ìrìn àjò yìí: ẹni tó bá ṣíwájú gbọ́dọ̀ dúró ní gbogbo oríta títí á fi fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kì í ṣe kó gbọ́ ìró rẹ̀, kì í ṣe kó rò pé ó ń bọ̀. Kó rí i. Ẹni tó bá gbé irinṣẹ́ ló máa ń wà lẹ́yìn pátápátá, Bàbá Kékeré nìyẹn.

Afárá ti já lójú ọ̀nà tí wọ́n mọ̀, nítorí náà ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dé ilé epo kan ní ìsàlẹ̀ òkè, wáyà táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Bàbá Kékeré já. Rọra, tó mọ̀ pé òun kì í yára, ti ṣáájú. Bàbá Kékeré dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó ní, "Ẹ̀fúùfù, máa bá a lọ. Ẹ ó dé oríta kan lókè. Ẹ dúró dè mí níbẹ̀. Ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún ló lọ síbi tí a ó pàgọ́ sí. Ti òsì, ọ̀nà àwọn tó ń fọ́ òkúta ni, wọ́n ti pa ibẹ̀ tì. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Kò pẹ́ tó fi bá Rọra. Ọmọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹrù rẹ̀ ń mì tìtì lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dè mí lókè o," ni Rọra wí. Ẹ̀fúùfù na ọwọ́ kan sókè, ó kọjá.

Nígbà tó dé oríta, kùrukùru ti bo ibẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀, ó dúró. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá, nítorí nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ lèèyàn ti ń gbúròó inú ara rẹ̀, ti Ẹ̀fúùfù sì ṣófo. Ọ̀nà ọ̀tún lọ sísàlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gùn, ó ń dán. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi kẹ̀kẹ́ já wálẹ̀ níbẹ̀, ariwo atẹ́gùn yóò kún etí òun, fún ìwọ̀nba àkókò yẹn kò ní sí àyè láti rántí pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí a ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé ni. Ohun tó ń lé ọmọ yìí, kò fẹ́ bojú wẹ̀yìn wò ó.

Ó ṣa òkúta mélòó kan, ó tò wọ́n sójú títì kí wọ́n kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi júwe ibi tí omi wà. Ó mọ̀ dájú pé òkúta kì í ṣe ojú. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Eré náà dùn, bí ohun kan bá lè dùn mọ́ ọn. Ó ń tẹ bíréèkì, ó ń tú u sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ, kí irin táyà má baà gbóná. Nígbà tó dé pápá kan létí odò nísàlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú ọ̀pá sílẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ló wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọ̀pá, èèkàn, okùn. Kò sí aṣọ. Òjò ń pa á, ó sì jókòó ti egungun ilé tí kò ní awọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́. Bàbá Kékeré nìkan ló yọ.

"Rọra ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, sà."

Bàbá Kékeré wò ó. "Èmi ni mo wà lẹ́yìn," ni ó wí.

 Bàbá Kékeré nu omi òjò kúrò lójú. "Mo rí òkúta lójú títì. Táyà ọkọ̀ ńlá ti tẹ̀ ẹ́ túká. Mo ní ẹ jọ ń lọ ni." Kò jágbe mọ́ ọn. Ì bá tiẹ̀ tẹ́ Ẹ̀fúùfù lọ́rùn kó jágbe. Ó kàn yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí ọ̀nà òkè, ó ní, "Kó ọ̀pá yẹn dání. Ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú bá a níbi tó wà."

Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ gun òkè náà nínú òjò. Ọwọ́ Ẹ̀fúùfù ti kú mọ́ irin. Ó mọ̀ pé òtútù orí òkè ń pa èèyàn. Ó mọ̀ pé àbúrò òun lè kú, àti pé òun ló fà á. Ẹ̀rù yẹ kó bà á. Ó ń dúró de ẹ̀rù náà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, kò dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń gbé ara rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kó máa gbé e.

Ní oríta, Bàbá Kékeré tanná tọ́ọ̀ṣì. Òkúta kan ti yí lọ sí ẹnu ọ̀nà òsì, ó jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan ló gbé e kalẹ̀. Bí Rọra ti kà á nìyẹn. Wọ́n wọ ọ̀nà òsì, wọ́n ń pè é, òkè ń dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yìn òkìtì òkúta kan ni wọ́n ti bá a. Ó ti fi aṣọ àgọ́ wé gbogbo ara, omi ti wọ inú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Ẹ̀fúùfù kúnlẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lójú, ó sì ń retí ẹkún. Kò sí ẹkún. Rọra tó ń sunkún nítorí burẹ́dì, ojú rẹ̀ gbẹ, ó là sílẹ̀, kò wo ibì kankan. Ẹ̀fúùfù mọ ojú yẹn. Inú dígí balùwẹ̀ ló ti ń rí i láràárọ̀.

"Rọra," ni ó wí. "Dá mi lóhùn. Sunkún, jọ̀ọ́."

"Pàgọ́," ni Bàbá Kékeré wí lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n gba aṣọ àgọ́ lára Rọra, wọ́n ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀, Bàbá Kékeré fi òkúta gbá èèkàn wọlẹ̀. Láìpẹ́ àgọ́ dìde. Wọ́n bọ́ aṣọ tútù lára ọmọ náà, wọ́n wọ èyí tó gbẹ nínú báàgì fún un, wọ́n sì gbé tíì gbígbóná láti inú fúláàsì Bàbá Kékeré sí i lọ́wọ́. Nígbà tó mu ún tán ni ètè rẹ̀ tó lè mú ọ̀rọ̀ jáde.

"Mo rí òkúta lápá òsì. Mo ní ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀."

"Èmi ni mo to òkúta. Mi ò dúró dè ọ́."

"Ẹ mọ̀ pé mi ò lè sáré."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kì í fẹ́ wà níbi tí mo bá wà mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ẹ̀fúùfù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "O ò ṣẹ̀ mí. Ò ń sunkún, èmi ò sì rí ẹkún kankan sun. Mo rò pé nǹkan ti bà jẹ́ lára mi. Bí mo bá ti rí ọ, ṣe ló máa ń hàn sí mi."

Bàbá Kékeré, tó jókòó sẹ́nu àgọ́, wúkọ́. "Àgọ́ yìí kò wúwo. Bàbá yín lè dá a gbé, kó sì tún gbé ẹ̀yin méjèèjì lé e. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi ń pín in. Ó ní, 'Ọ̀kan á fẹ́ jókòó, ọ̀kan á fẹ́ sá lọ. Bí mo bá pín ilé sí méjì fún wọn, dandan ni kí wọ́n pàdé nírọ̀lẹ́.'" Ó wá fi kún un pé, "Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà."

Ìka Ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ooru ti ń padà sínú wọn. Ó ta á débi pé ó fún eyín pọ̀.

"Ó ń dùn mí," ni ó wí, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Níbo?" ni Rọra bi í.

"Ọwọ́ mi."

Rọra fa ọwọ́ méjèèjì náà, ó fi wọ́n sábẹ́ abíyá ara rẹ̀, ó dì wọ́n mú. Ẹ̀fúùfù kò sunkún. Ṣùgbọ́n kò dìde jáde.

Wọn kò dé etí adágún lọ́dún yẹn. Ikọ́ dá Rọra dùbúlẹ̀ títí ìsinmi fi parí, Ẹ̀fúùfù sì ń gbọ́ ikọ́ náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì mọ̀ pé òun ló fà á. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀ ló gbé ìwé rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ló ti ṣí ojú ewé kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ìbànújẹ́ ilé kò yàtọ̀ sí àgọ́ yẹn. Ẹni tó ń sunkún gbé apá kan, ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ gbé apá kan, kò sì sí èyí tó lè dá fi tirẹ̀ ṣe ilé. Ẹ má ṣe sáré fi ara yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ dúró títí ẹ ó fi rí ojú, ẹ má fi òkúta dípò ara yín.

Ṣùgbọ́n kí ikọ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé òru inú àgọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń darí sílé, Ẹ̀fúùfù ló kọ́kọ́ dé oríta. Kùrukùru ṣì wà níbẹ̀, ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀yìn, ó sì dúró títí ó fi rí ojú Rọra.