Oníbàárà Tí Kò Padà Sọ́dọ̀ Dókítà

Ẹ̀rọ ìránṣọ ló so aránṣọ kan àti ọkọ rẹ̀ pọ̀. Nígbà èwe wọn, obìnrin náà gbé ẹ̀rọ wá fún àtúnṣe, ọkùnrin náà tún un ṣe tán, kò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tàbí ẹni tó ni ín lọ mọ́. Títí di òní, obìnrin náà ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́yìn, kọ́tìnì kan ló pààlà wọn.

Kò-sí-Àbọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ ìdajì. Bó bá ní àfi kí òun tú ẹ̀rọ palẹ̀, tí oníbàárà wá ní kó kàn bá òun kán epo sí i, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

"Ẹ máa gbé e lọ. Ẹni tí kò fẹ́ kí n tú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ló ń wá lọ́dọ̀ mi?"

Oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í padà wá, ojú á tì í. Aránṣọ náà a máa fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ni oníbàárà tí kò tíì lé lọ.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ Kò-sí-Àbọ̀. Bó bá gbé ẹ̀rọ kan láti ilẹ̀ sórí tábìlì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àyà rẹ̀ á sáré, á ṣe bí ẹni dúró, á tún sáré. Nílé ìwòsàn, dókítà ọkàn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ní ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Ó fún un ní oògùn tí yóò mú ọkàn rọra lù, àti òmíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Oṣù mélòó kan kọjá, ségesège náà kò lọ.

"Bàbá," ni dókítà wí, "iṣẹ́ abẹ kan wà tí a lè jọ gbé yẹ̀ wò. A óò dá àpá tín-ín-rín sára ọkàn, kí àṣẹ tó ń mú un lù má baà máa ṣáko kiri mọ́. Ó ní ewu tirẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló bá mu. Ẹ lọ rò ó, ẹ padà wá, ẹ bi mí ní gbogbo ohun tó bá ń jẹ yín lọ́kàn."

Kò-sí-Àbọ̀ dúpẹ́, ó dìde. Ẹ̀rù ti bà á kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí wọ́n la àyà mi?" ló wí nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ délé. "Èmi tí mo ń tú nǹkan jẹun! Ṣé gbogbo ohun tí a tú ló ń padà sí bó ṣe wà?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún dókítà pé ẹ̀rù ń bà yín, Bàbá wọn."

"Ojú wo ni màá fi wò ó? Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ ọ̀gá, ṣé ó tún ń padà lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni?"

Aránṣọ náà bú sẹ́rìn-ín. Bó bá rántí ẹ̀rín yẹn lónìí, ó máa ń dùn ún wọra. Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ kan wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ tí wọ́n ń kánjú gbà, ó ní àwọn á tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Wọn kò tún un sọ.

Ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn kọjá. Oògùn tán. Ọkùnrin náà ní àyà òun kì í fi bẹ́ẹ̀ já mọ́, pé ara òun ti balẹ̀. Aránṣọ náà rí páálí oògùn tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo epo ẹ̀rọ. Ó dákẹ́, kí wọ́n má baà jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, irin kan jábọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Bàbá wọn, kí ló jábọ́?"

Ohun tó dá a lóhùn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó fa kọ́tìnì náà. Ẹnu ọkọ rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ sórí itan. Àwọn aládùúgbò bá a sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò padà bọ̀ sípò.

"Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ọkàn, ó sì lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ," ni dókítà wí. "Nítorí irú èyí ni mo ṣe fún wọn ní oògùn. Màmá, kí ló dé tí ẹ ò padà wá?"

"Wọn ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ, dókítà. Ojú ń tì wọ́n láti wá sọ ọ́ fún yín."

Dókítà náà fa àga, ó jókòó tì í. "Mi ò lè bínú sí yín nítorí ìyẹn. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ, oògùn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, àyẹ̀wò rẹ̀ ṣì wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ni iṣẹ́ abẹ. Kódà ẹni tó bá ṣe é, a ṣì lè ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ."

"Ṣé ẹ ṣì lè ṣe é fún wọn báyìí?"

"Ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tó ṣẹlẹ̀ yìí ná. Tó bá yá, a óò tún un yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ségesège yìí bá ṣe ń pẹ́ sí i lára ọkàn ni ó ń ṣòro sí i láti tún ṣe. Mi ò ní parọ́ fún yín."

"Mo rí páálí tó ṣófo," ni aránṣọ náà wí. "Mo rí i, mo dákẹ́."

Wọ́n ti padà sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Aránṣọ náà kì í ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àfi tí ọkọ rẹ̀ bá ti lo oògùn. Ọwọ́ òsì ni ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé ẹ̀rọ wá, ó ní kí wọ́n má tú u, kí wọ́n kàn kán epo sí i. Aránṣọ náà ń retí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn.

"A ó... kán epo sí i," ni Kò-sí-Àbọ̀ wí, ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Tó bá tún ń yọ yín lẹ́nu, ẹ gbé e padà wá. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín."

Ẹ̀yin ará wa, bí àyà yín bá ń lù ségesège, ẹ tètè lọ rí dókítà. Bí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè ohun tí yóò ṣe fún yín, ewu tó wà níbẹ̀, àti ọ̀nà mìíràn tó wà, torí abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ lè gbà, ẹ sì lè kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ kọ iṣẹ́ abẹ kí ẹ kọ ilé ìwòsàn. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ dúró fúnra yín, kódà bí ara bá balẹ̀. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí apá rẹ̀ rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì rí páálí oògùn tó ṣófo nínú ilé, ẹ sọ̀rọ̀, bí ìjà bá tiẹ̀ máa ṣẹlẹ̀.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì ní oògùn tirẹ̀. Ẹ padà lọ gbà á.