Ta Ló Ń Dáhùn Nídìí Oúnjẹ Bàbá?

Ohùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nílé Bàbá Ọdẹkúnlé kì í ṣe ohùn tó ń dẹ́rù bani. Ohùn obìnrin àgbà ni, ó rọlẹ̀, ó ní, "Á gba ibi ire," bí ọmọlúàbí ṣe ń dáhùn bí ẹni tó ń jẹun bá pè é wá jẹ. Ohun tí kò bára mu níbẹ̀ ni pé èmi àti Bàbá nìkan la wà nínú yàrá, Bàbá ò sì lè sọ̀rọ̀.

Jemima lorúkọ mi, Ìlaròó ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba agbára ọ̀fun wọn bí wọ́n á ṣe tún máa gbé oúnjẹ mì. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo aláìsàn mi ń pè mí. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àlàyé ti sú mi.

Ọ̀nà méjì ló wà lọ́rùn èèyàn, ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí, wọ́n sì fara kanra. Bí a bá fẹ́ gbé nǹkan mì, gògóńgò á sún sókè, ìdérí kékeré kan á sì bo ọ̀nà èémí. Ìdérí ti Bàbá ti ń lọ́ra. Omi lásán á yà sí ẹ̀dọ̀fóóró, wọ́n á sì máa húkọ́ títí ojú wọn á fi pọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyẹn ti gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun ò rò pé Bàbá á là á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ọ̀dàn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Àṣìkẹ́, ọmọ Bàbá, ló ń tọ́jú wọn. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa po ògì kó ki, kó má baà sáré jù lọ́nà ọ̀fun. Mo kọ́ Bàbá kí wọ́n máa tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí wọ́n tó gbé e mì. Mo wá ṣe òfin kan: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí Bàbá bá ń jẹun, nítorí ẹni tó bá fẹ́ dáhùn á la ọ̀nà èémí sílẹ̀.

Bàbá gbà, àfi nǹkan kan. Kí wọ́n tó gba ṣíbí àkọ́kọ́, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fi pe àga kan tó wà lẹ́bàá ògiri. Àga ìyàwó wọn ni, Màmá Fẹ́yìsetán, tó ń ta láfún lọ́jà Eggua kó tó pa ipò dà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ogójì ọdún làwọn méjèèjì fi jẹun pọ̀ nínú yàrá yẹn. Mi ò bá Bàbá wí. Àgbà tó bá ń jẹun tí kò pe ẹnìkejì, ahun la ń pè é.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ohùn náà, ìka mi mẹ́rin wà lọ́rùn Bàbá, kí n lè mọ̀ bí wọ́n bá gbé oúnjẹ mì. Wọ́n pe àga, ohùn dáhùn, gògóńgò sún sókè, ó sì padà wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọn ò húkọ́ rárá. Mo rò pé Àṣìkẹ́ ló ń sín ohùn àgbà jẹ lẹ́yìn fèrèsé, inú sì bí mi. Mo bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ aṣọ.

"Àṣìkẹ́, ṣé mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ni?"

Ó la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń dáhùn ni, nọ́ọ̀sì? Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń wá ni mo ti ń gbọ́ ọ lókèèrè. Mo tiẹ̀ ní ẹ lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Mo ní èmi kọ́, mo sì padà lọ fún Bàbá ní ògì tó kù. Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi dùn sí ohùn náà. Ọjọ́ tí ohùn yẹn bá dáhùn ni Bàbá ń gbé oúnjẹ mì jù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n ti ń jẹ abọ́ ògì kan tán.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà, òórùn láfún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí iná ní ààrò. Inú fíláàsì ni ògì Bàbá wà láti àárọ̀. Mo jókòó, mo fi ìka sí ọrùn wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí Bàbá ò gbé ọwọ́. Wọ́n kàn ń wo àga náà ni. Mo gbọ́ tí ṣíbí kan abọ́ tánganran, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn.

"Bàbá Àṣìkẹ́, ẹ wá jẹun."

Kò sí nǹkan kan lẹ́nu Bàbá, síbẹ̀ wọ́n gbé nǹkan mì lábẹ́ ìka mi, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n rọra tẹ̀ síwájú. Ẹni tí kò dìde fún oṣù méje fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ó fẹ́ nàró.

Àṣìkẹ́ ti sáré wọlé, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. "Ìyá mi nìyẹn," ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀rù bà mí gidi. Ìdáhùn méjì péré ló wà fún ẹni tí wọ́n bá pè wá jẹun. Yálà kó dìde lọ jẹ, tàbí kó dáhùn, Bàbá ò sì ní ohùn tí wọ́n máa fi dáhùn. Mo rú òfin ara mi.

"Á gba ibi ire, Màmá." Ẹ̀kọ́ ilé ò sì jẹ́ kí n dákẹ́ níbẹ̀. "Èmi Jemima ni mo ń bá wọn dáhùn o. Ẹ má bínú."

Ṣíbí dákẹ́. Òórùn láfún pòórá. Bàbá padà fẹ̀yìn ti àga wọn, omijé ń dà lójú wọn, wọ́n sì ya ẹnu fún ògì. Ó gba ọ̀nà tó yẹ.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Bàbá ti ń jẹ ẹ̀bà, wọ́n sì ti ń pe orúkọ Àṣìkẹ́. Wọn ò pe àga náà mọ́.

Èmi ni Màmá ń pè báyìí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo bá Bàbá dáhùn, mo ṣí oúnjẹ ọ̀sán mi ní ọ́fíìsì ní Ìlaròó kí n tó gbéra lọ sí Òkè-Ọ̀dàn, òórùn láfún sì gba ibẹ̀. "Jemima, wá jẹun." Mo dáhùn kíákíá. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni látìgbà náà, mo sì ń dáhùn.

Láti àná ni ọ̀fun ti ń dùn mí, ohùn mi ò sì jáde mọ́ rárá. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Àṣìkẹ́ pé kó wá jókòó tì mí lọ́sàn-án, kó bá mi dáhùn. Kò tíì fèsì, ọ̀la sì ni Ọjọ́bọ̀.