Àfojúbù Inú Ìwé

"Màmá àgbà, ẹ wá wo ohun tí tíṣà kọ síbí!"

Ọmọ-ọmọ mi tí à ń pè ní Akọ̀wé ló pariwo wọlé bẹ́ẹ̀. Èmi ń bá àga kékeré kan jà lọ́wọ́, mo fẹ́ fa ìdí mi yọ nínú rẹ̀, àga náà kò gbà.

Nínú ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà nílé ìwé, nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tí kì í wọn oògùn. Yóò wo aláìsàn, yóò wo ìgò, yóò dà á, kì í sì í ṣì í. Tíṣà bi wọ́n pé kí ló dé tí òǹkọ̀wé pe èyí ní àfojúbù, tí kò pè é ní ìméfò. Akọ̀wé dáhùn pé inú òkùnkùn ni ìméfò ti ń wá. Ojú tó ti ṣiṣẹ́ títí tó fi mọṣẹ́ ló ni àfojúbù. Tíṣà kọ "O káre" sábẹ́ rẹ̀.

"Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa," ni Akọ̀wé wí. "Ṣebí màmá mi kì í fi téèpù wọn oníbàárà kó tó gé aṣọ?"

"Ìdí tèmi yìí nìkan ló ń mú un wá téèpù!" ni mo fèsì. A rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, mo wà ní balùwẹ̀. Àkókò tó kí Akọ̀wé fún àbúrò rẹ̀ ní oògùn gìrì, ṣùgbọ́n ife ìwọ̀n ti fọ́. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn kò jìnnà, kò lọ. Ó wo ọmọ, ó wo ìgò, ó dà á sínú ife omi.

Nígbà tí mo jáde, oorun ọmọ náà ti wúwo jù. Mo gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò mira. Mo gbé e sáyà, mo sáré lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìró tí mo so gbàgẹ̀rẹ̀, Akọ̀wé ń tẹ̀lé mi. Ẹni tó bá fẹ́ wòran kó máa wò.

"Báwo ni oògùn tí ẹ fún un ṣe pọ̀ tó?" ni dókítà bi wá.

"Mo fojú bù ú ni, sà," ni Akọ̀wé wí.

"Ojú tó ti wọn oògùn rí?"



Ọmọ náà kò kú. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ọmọ náà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ìdí mi kò sọ̀rọ̀ mọ́, itọ́ ló ń ti ibẹ̀ yọ. Bí Akọ̀wé bá ń fún un lóúnjẹ, ìyá wọn á dìde kúrò ní yàrá.

Lánàá, mo ní kó ka ibi tí nọ́ọ̀sì yẹn wà fún mi. Ó kà á tẹkúntẹkún.

"Ọmọ mi," ni mo wí, "kí nọ́ọ̀sì yẹn tó gbé ìgò, òǹkọ̀wé ti mọ̀ pé aláìsàn máa yè. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣì í. Ìwọ ńkọ́, ta ló bá ọ mọ ìparí?"

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ gbádùn ìwé yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀mí èèyàn bá rọ̀ mọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ohun ìwọ̀n bá fọ́, ẹ dìde, ẹ lọ wá òmíràn.